Ìgbéga Ubuntu Parí, Ètò Yín Kò Ṣí Mọ́: Bí A Ṣe Ń Wá Láíbìrì Tó Sọnù

```
isiro: error while loading shared libraries: libssl.so.1.1: cannot open shared object file: No such file or directory
```

Irú gbólóhùn yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn bá pàdé lẹ́yìn tí wọ́n gbé Ubuntu, ọ̀kan nínú ẹbí Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà, láti 20.04 lọ sí 22.04. Kọ̀ǹpútà tàn, íntánẹ́ẹ̀tì ń lọ, fáìlì wọn pé, ṣùgbọ́n ètò kan tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ kọ̀ jálẹ̀, kò ṣí. Ẹni tó bá rí “No such file or directory” á rò pé ètò náà gan-an ló pòórá, á tún un gbé sórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kejì, gbólóhùn kan náà á sì tún jáde. Ètò náà kò lọ síbì kankan. Fáìlì mìíràn tí ètò náà gbára lé ni kò sí níbẹ̀ mọ́, orúkọ rẹ̀ sì wà láàárín gbólóhùn yẹn: libssl.so.1.1. Ẹ dà á kọ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, títí kan nọ́ńbà ìparí rẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ní tiwa, a ó máa pe ètò tó kọ̀ láti ṣí ní isiro, a ó sì gbà pé inú fódà /opt/isiro ló wà. Ẹ fi orúkọ ètò tiyín rọ́pò rẹ̀.

Ètò tó fẹ́ bá sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń dá ètò mìíràn lóhùn) sọ̀rọ̀ láìjẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ nílò ìṣirò tó díjú. Bí olúkúlùkù ẹni tó ń kọ ètò bá ní láti kọ ìṣirò yẹn fúnra rẹ̀, àṣìṣe á pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Nítorí náà, àwọn kan kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi í sínú fáìlì tí gbogbo ètò lè jọ máa lò. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ni láíbìrì àjọlò, lórí Linux ẹ ó máa rí .so nínú orúkọ rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀: bí wọ́n bá rí ihò ààbò nínú OpenSSL, iṣẹ́ tí libssl ti wá, Ubuntu á pààrọ̀ láíbìrì yẹn nìkan, gbogbo ètò tó ń lò ó á sì rí àtúnṣe gbà bí wọ́n bá ti tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí láíbìrì náà bá kúrò, gbogbo ètò tó gbé ara lé e á dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Ètò kì í wá láíbìrì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ètò kékeré kan tó ń jẹ́ ld.so ló ń bá a ṣe é. Lórí kọ̀ǹpútà 64-bit tó wọ́pọ̀, fáìlì rẹ̀ ni /lib64/ld-linux-x86-64.so.2. Òun ló ń ka orúkọ àwọn láíbìrì tí wọ́n kọ sínú ètò, tó ń wá wọn, tó sì ń kó wọn sínú mẹ́mórì kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ẹyọ kan bá dín, ld.so kò ní jẹ́ kí ètò náà bẹ̀rẹ̀ rárá. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá tẹ àmì ètò lójú kọ̀ǹpútà kì í fi í rí nǹkan kan: kò sí fèrèsé, kò sí ìkìlọ̀. Ẹ ṣí Terminal, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ, kí ẹ kọ orúkọ ètò náà síbẹ̀, gbólóhùn àṣìṣe á wá hàn.

Ibi tí ld.so ń wò kò pọ̀. Ó máa kọ́kọ́ wo àwọn fódà tí a bá dárúkọ nínú LD_LIBRARY_PATH, lẹ́yìn náà àwọn tí ẹni tó kọ́ ètò náà kọ sínú rẹ̀ ní RUNPATH, lẹ́yìn náà àkọsílẹ̀ tó wà ní /etc/ld.so.cache, kó tó wá wo /lib àti /usr/lib. Àwọn ètò àtijọ́ kan ṣì ní RPATH nínú, èyí sì máa ń ṣáájú LD_LIBRARY_PATH. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láíbìrì tí ẹ gbé sínú fódà Downloads, tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò náà gan-an, kò sí lójú rẹ̀ àfi bí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà yìí bá darí rẹ̀ síbẹ̀.

Kí ẹ tó wá láíbìrì kankan, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ìgbéga náà parí ní tòótọ́. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, tàbí tí dátà tán, pákéèjì (ìdì fáìlì tí apt àti dpkg fi ń gbé ètò wọlé) lè wà tí wọ́n tú sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò tò parí. Ẹ ṣe àwọn wọ̀nyí ní ẹsẹẹsẹ:

```
sudo dpkg --configure -a
sudo apt --fix-broken install
sudo dpkg --audit
```

Bí èyí tó kẹ́yìn kò bá sọ nǹkan kan, kò sí pákéèjì tó wà ní ìdajì. Bí ó bá dárúkọ pákéèjì, ẹ yanjú ìyẹn ná, nítorí ó ṣeé ṣe kí láíbìrì tí ẹ ń wá wà nínú ohun tí kò tíì parí. Nígbà tí apt bá ń ṣe `--fix-broken`, ẹ ka ohun tó fẹ́ yọ kúrò kí ẹ tó dáhùn Y. Àkọlé “The following packages will be REMOVED” ni kí ojú yín wà lára.

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń béèrè ni pé, kí ló dé tí ìgbéga fi máa yọ ohun tí ètò mi ń lò? Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé .so ni ìdáhùn. Bí àwọn tó ń kọ láíbìrì bá tún un ṣe lọ́nà tí ètò àtijọ́ kò fi ní lè bá a ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n á yí nọ́ńbà yẹn padà, kí ètò tó mọ ti àtijọ́ má baà ṣèèṣì gbé ti tuntun. OpenSSL 3.0 jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2021. Ubuntu 22.04, tó jáde ní oṣù Kẹrin 2022, mú un, ó sì fi 1.1 sílẹ̀ pátápátá. Bí libssl.so.1.1 ṣe di libssl.so.3 nìyẹn. Nínú ìgbéga kan náà, libffi.so.7 di libffi.so.8, libicuuc.so.66 sì di libicuuc.so.70.

Ètò tó ti ọ̀dọ̀ Ubuntu wá kì í ní ìṣòro yìí, torí pé àwọn fúnra wọn tún gbogbo rẹ̀ kọ́ pẹ̀lú láíbìrì tuntun. LibreOffice á ṣí, nginx á ṣiṣẹ́. Àwọn tó máa ń kọ̀ ni ètò tí ẹ gbà látọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é tí ẹ sì gbé sí /opt, èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ́ sínú /usr/local, Ruby (èdè ìkọ ètò) tí ẹ fi rbenv gbé wá, àti pákéèjì tó wá láti ibi ìpamọ́ (ibi orí íntánẹ́ẹ̀tì tí apt ti ń mú pákéèjì) mìíràn. Àṣẹ `do-release-upgrade` máa ń ti àwọn ibi ìpamọ́ tí kì í ṣe ti Ubuntu pa kó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá sì ń parí lọ, ó máa ń béèrè bóyá kó yọ àwọn pákéèjì tí Ubuntu tuntun kò mọ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni libssl1.1 ti ń kúrò lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, nítorí ẹni tó ti ń dáhùn Y láti àárọ̀ á tún dáhùn Y. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tó kúrò:

```
zgrep -h 'remove libssl1.1' /var/log/dpkg.log*
```

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo ètò tó kọ̀. Ìlà kan ni gbólóhùn àṣìṣe máa ń fi hàn, torí pé ld.so máa ń dúró níbi láíbìrì àkọ́kọ́ tí kò rí. Àwọn míì lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Àṣẹ `ldd` ló ń fi gbogbo wọn hàn:

```
ldd /opt/isiro/bin/isiro | grep 'not found'
        libssl.so.1.1 => not found
        libcrypto.so.1.1 => not found
```

Méjì ló sọnù, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹni tó bá wá ọ̀kan ṣoṣo á tún padà wá bá ìkejì.

Bí `ldd` bá dáhùn pé “not a dynamic executable”, ó ṣeé ṣe kí ohun tí ẹ ń pè ní ètò jẹ́ fáìlì àṣẹ lásán tó ń pe ètò gidi láti ibòmíràn. Ẹ lo `file /opt/isiro/bin/isiro` láti mọ irú fáìlì tó jẹ́. Bó bá jẹ́ fáìlì àṣẹ, ẹ fi `less` ṣí i, ẹ ó rí ibi tí ètò gidi wà. Nǹkan kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé `ldd` lè mú kí díẹ̀ lára ètò náà ṣiṣẹ́ nígbà tó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ètò tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀, `objdump -p` àti `grep NEEDED` ni kí ẹ fi wò ó, wọn kò ní mú un ṣiṣẹ́ rárá. Nǹkan kẹta: àwọn ètò kan kì í pe láíbìrì nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, àfìgbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì kan. `ldd` kò lè rí irú ìyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò náà báyìí:

```
LD_DEBUG=libs /opt/isiro/bin/isiro 2>/tmp/isiro.log
```

kí ẹ ṣe ohun tó máa ń mú un kú, lẹ́yìn náà kí ẹ ka /tmp/isiro.log láti ìsàlẹ̀ sókè. Gbogbo fódà tí ld.so wọ̀ àti gbogbo orúkọ tó wá ló máa wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ ti mọ orúkọ, ẹ bi kọ̀ǹpútà bóyá láíbìrì náà wà níbì kan tí ld.so kò mọ̀.

```
ldconfig -p | grep libssl
sudo find / -xdev -name 'libssl.so*'
```

Ti àkọ́kọ́ ń sọ ohun tí ld.so mọ̀, ti kejì ń sọ ohun tó wà lórí dísìkì. `-xdev` kò ní jẹ́ kí ó wọ inú àwọn snap, ìdì ètò tó dá dúró, tí wọ́n ní láíbìrì tara wọn tí ètò mìíràn kò gbọ́dọ̀ yá. Bí /opt yín bá wà lórí dísìkì ọ̀tọ̀, ẹ wá ibẹ̀ lọ́tọ̀. Bí fáìlì náà bá wà ní /usr/local/lib, `sudo ldconfig` nìkan lè tó, torí pé fódà yẹn ti wà lára ohun tí Ubuntu ń wò. Bó bá wà ní fódà mìíràn, ẹ lè kọ orúkọ fódà náà sínú fáìlì kan ní /etc/ld.so.conf.d, kí ẹ wá ṣe `sudo ldconfig`. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wo ohun tó kù nínú fódà yẹn. Bí libstdc++.so.6 tàbí libcurl.so.4 àtijọ́ bá wà níbẹ̀, gbogbo ètò orí kọ̀ǹpútà ni ẹ ti darí sí i, ìṣòro ètò kan á sì di ti mẹ́wàá.

Bí kò bá sí níbì kankan, ẹ béèrè pákéèjì tó ní i:

```
sudo apt install apt-file
sudo apt-file update
apt-file search libfuse.so.2
```

Lórí Fedora àti àwọn ẹbí rẹ̀, `dnf provides '*/libssl.so.1.1'` ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Lórí RHEL 9, AlmaLinux 9 àti Rocky 9, ó máa dárúkọ compat-openssl11, tí wọ́n ṣe fún ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ẹ gbé e wá, ó parí.

libfuse.so.2 jẹ́ àpẹẹrẹ tó rọrùn lórí Ubuntu. Ètò tó wá gẹ́gẹ́ bí AppImage (fáìlì kan ṣoṣo tí gbogbo ètò wà nínú rẹ̀) máa ń wá a, Ubuntu 22.04 kò sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ mọ́. `sudo apt install libfuse2` ni lórí 22.04, `sudo apt install libfuse2t64` sì ni lórí 24.04. Ẹ má ṣe gbé pákéèjì tó ń jẹ́ `fuse` lásán. Òun àti fuse3, ẹ̀dà tuntun rẹ̀, kì í jọ gbé ilé, ó sì lè lé fuse3 lọ pẹ̀lú àwọn ohun tí ojú kọ̀ǹpútà yín gbára lé.

Àmì t64 yẹn ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú lórí 24.04. Àwọn kọ̀ǹpútà 32-bit ń fi nọ́ńbà tó kéré pa àkókò mọ́, nọ́ńbà náà á sì kún ní ọjọ́ 19 oṣù Kíní 2038. Debian àti Ubuntu tún àwọn láíbìrì tó kàn án ṣe, wọ́n sì fi t64 kún orúkọ pákéèjì wọn. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ, orúkọ pákéèjì nìkan ló yí padà. libaio yàtọ̀: fáìlì rẹ̀ pàápàá di libaio.so.1t64, nígbà tí Oracle Instant Client àti àwọn ètò ibi ìpamọ́ dátà mìíràn ṣì ń wá libaio.so.1. Lórí kọ̀ǹpútà 64-bit tó wọ́pọ̀, iṣẹ́ inú láíbìrì náà kò yí padà, nítorí náà línkì (orúkọ kejì tó ń tọ́ka sí fáìlì) tó fún un ní orúkọ àtijọ́ máa ń ṣiṣẹ́:

```
sudo apt install libaio1t64
sudo ln -s libaio.so.1t64 /usr/lib/x86_64-linux-gnu/libaio.so.1
sudo ldconfig
```

A sọ èyí pẹ̀lú ìṣọ́ra, torí pé òun nìkan ni a máa dámọ̀ràn línkì fún nínú àlàyé yìí. Ìmọ̀ràn tó pọ̀ jù lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún libssl.so.1.1 ni pé kí ẹ ṣe línkì láti libssl.so.3, kí ẹ sọ ọ́ ní libssl.so.1.1. Ẹ má ṣe é. Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jọra bí ẹ̀là obì, ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí Kẹ́hìndé máa jẹ́ Táíwò kò tíì kó ohun tí Táíwò mọ̀ sí i lórí. ld.so á rí orúkọ náà, á ṣí fáìlì, á wá béèrè àmì ẹ̀dà tí ètò ń retí nínú rẹ̀, kò sì ní bá a:

```
isiro: /lib/x86_64-linux-gnu/libssl.so.1.1: version `OPENSSL_1_1_0' not found (required by isiro)
```

Èyí ṣì dára, torí pé ó kọ̀ ní gbangba. Láíbìrì tí kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀ nínú ló léwu jù. Ètò á ṣí, ẹ ó yọ̀, lẹ́yìn náà á kú lójijì pẹ̀lú “Segmentation fault” láàárín iṣẹ́, tàbí kó máa kọ dátà tó ti bàjẹ́ sínú fáìlì yín láìsọ nǹkan kan. Bí ẹ bá ti ṣe línkì náà tẹ́lẹ̀, ẹ fi `ls -l /usr/lib/x86_64-linux-gnu/libssl.so.1.1` wò ó. Bó bá fi ọfà → tàbí -> tọ́ka sí libssl.so.3, línkì ni, ẹ fi `sudo rm` yọ ọ́.

Kí ni kí ẹ wá ṣe fún libssl.so.1.1, tí kò sí ní ibi ìpamọ́ Ubuntu 22.04? Ohun tó dára jù ni ẹ̀dà tuntun ètò náà, èyí tí àwọn tó ṣe é kọ́ fún Ubuntu tí ẹ wà lórí rẹ̀. Ẹ wo ìkànnì wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bó bá jẹ́ ibi ìpamọ́ wọn ni ìgbéga tì pa, ẹ ṣí i padà ní /etc/apt/sources.list.d, kí ẹ pààrọ̀ focal (orúkọ mìíràn fún Ubuntu 20.04) sí jammy (ti 22.04) nínú rẹ̀ bí wọ́n bá ní ti jammy, lẹ́yìn náà `sudo apt update` àti `sudo apt install` orúkọ ètò náà. Ètò tí ẹ ní kóòdù rẹ̀, ẹ tún un kọ́. Ti rbenv, Ruby 3.1 ni àkọ́kọ́ tó bá OpenSSL 3 ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ gbé 3.1 tàbí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ wá, kí ẹ sì tún àwọn gem (àfikún Ruby) gbé. Bó bá jẹ́ ètò orí sáfà tí kò ní fèrèsé, ẹ lè fi Docker, tó ń fún ètò ní yàrá tirẹ̀, gbé ubuntu:20.04 dìde, kí ẹ fi libssl1.1 sínú rẹ̀, kí ètò náà máa gbé ibẹ̀.

Bí gbogbo ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, ẹ lè fún ètò náà nìkan ní láíbìrì àtijọ́, láìjẹ́ kí ètò mìíràn mọ̀ pé ó wà. Ẹ lọ sí http://security.ubuntu.com/ubuntu/pool/main/o/openssl/, kí ẹ mú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú libssl1.1_1.1.1f-1ubuntu2, tó sì parí pẹ̀lú amd64.deb. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹ mú èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù. Ẹ má fi `dpkg -i` gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ kàn tú u:

```
mkdir ~/ssl11
dpkg-deb -x libssl1.1_1.1.1f-*_amd64.deb ~/ssl11
sudo mkdir -p /opt/isiro/lib
sudo cp ~/ssl11/usr/lib/x86_64-linux-gnu/libssl.so.1.1 /opt/isiro/lib/
sudo cp ~/ssl11/usr/lib/x86_64-linux-gnu/libcrypto.so.1.1 /opt/isiro/lib/
LD_LIBRARY_PATH=/opt/isiro/lib /opt/isiro/bin/isiro
```

Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ti inú pákéèjì kan náà wá, torí pé libssl gbára lé libcrypto. Bí ètò bá ṣí, ẹ kọ fáìlì àṣẹ kékeré kan sí /usr/local/bin/isiro kí ẹ má baà máa tẹ gbogbo ìlà yẹn lójoojúmọ́:

```
#!/bin/sh
export LD_LIBRARY_PATH=/opt/isiro/lib
exec /opt/isiro/bin/isiro "$@"
```

lẹ́yìn náà `sudo chmod +x /usr/local/bin/isiro`. Ẹ má kọ LD_LIBRARY_PATH sínú ~/.bashrc. Gbogbo ohun tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti Terminal ló máa tẹ̀ lé e, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni curl tàbí git á máa ṣe ségesège tí ẹ kò ní mọ ìdí. Bí ẹ bá ń fi `sudo` bẹ̀rẹ̀ ètò náà, sudo kì í gbé LD_LIBRARY_PATH kọjá, ẹ ní láti lo fáìlì àṣẹ òkè yìí. Bó bá jẹ́ systemd (ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ àwọn ètò abẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀) ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, fáìlì yẹn kò ní ràn yín lọ́wọ́ àfi bí systemd bá ń pè é. Ẹ lo `sudo systemctl edit isiro`, kí ẹ kọ ìlà méjì yìí síbẹ̀, kí ẹ sì tún un bẹ̀rẹ̀:

```
[Service]
Environment=LD_LIBRARY_PATH=/opt/isiro/lib
```

Ẹ mọ iye tí ẹ ń san fún ọ̀nà yìí. Àwọn tó ń ṣe OpenSSL dá àtìlẹ́yìn gbogbo gbòò fún 1.1.1 dúró ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2023, ti Ubuntu 20.04 fúnra rẹ̀ sì parí ní oṣù Karùn-ún 2025 fún ẹni tí kò ní Ubuntu Pro (àfikún àtìlẹ́yìn). Fáìlì tí ẹ sì dà sí /opt kò sí lábẹ́ apt, nítorí náà kò ní gba àtúnṣe kankan láé. Ètò tó ń tẹ ìwé jáde lórí kọ̀ǹpútà tí ẹnì kankan kò lè dé láti ìta, ó ṣeé fara mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Sáfà tó ń gba ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí nọ́ńbà káàdì owó àwọn èèyàn, ẹ má fi sí orí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú rẹ̀.

Àṣìṣe mẹ́ta wà tó jọ èyí ṣùgbọ́n tí oògùn wọn yàtọ̀. Bí ẹ bá rí “version `GLIBC_2.34' not found”, láíbìrì kò sọnù, ó ti gbó jù ni. Ètò yín ni wọ́n kọ́ lórí Ubuntu tó tuntun ju tiyín lọ. Ubuntu 20.04 ní glibc (láíbìrì ìpìlẹ̀ tí pákéèjì libc6 ń gbé wá) 2.31, 22.04 ní 2.35, 24.04 ní 2.39. Ẹ wá ẹ̀dà ètò tí wọ́n kọ́ fún Ubuntu tiyín, tàbí kí ẹ gbé Ubuntu ga. Láé, ẹ má gbé libc6 ti Ubuntu mìíràn wá, ẹ má sì fọwọ́ kan libc.so.6. Ls, sudo, apt àti bash gbogbo wọn ló ń lò ó. Bó bá bàjẹ́, àṣẹ tí ẹ máa fi tún un ṣe pàápàá kò ní ṣiṣẹ́, USB tí ẹ fi gbé Ubuntu wọlé nìkan ló kù.

Bí fáìlì ètò bá wà níbẹ̀ lójú yín, tí bash sì sọ pé “No such file or directory” láìdárúkọ láíbìrì kankan, ẹ lo `file`. Bó bá kọ “ELF 32-bit”, tí ẹ sì rí /lib/ld-linux.so.2 nínú ìdáhùn rẹ̀, ld.so ti 32-bit ni kò sí:

```
sudo dpkg --add-architecture i386
sudo apt update
sudo apt install libc6:i386 libstdc++6:i386
```

Ẹ̀kẹta ni Python. “ModuleNotFoundError” lẹ́yìn ìgbéga kì í ṣe ọ̀rọ̀ ld.so. Ubuntu 20.04 ń lo Python 3.8, 22.04 ń lo 3.10, 24.04 ń lo 3.12, inú fódà tó ní nọ́ńbà yẹn lórúkọ ni venv (fódà tí a yà sọ́tọ̀ fún láíbìrì Python ti iṣẹ́ kan) sì ń kó nǹkan sí. Python 3.10 kò ní wo lib/python3.8 rárá. Ẹ má da fáìlì láti ọ̀kan sí èkejì, torí pé àwọn tí wọ́n fi C kọ ní cpython-38 nínú orúkọ wọn, Python 3.10 kò ní gbà wọ́n. Ẹ wo lib/python3.8/site-packages láti mọ ohun tó wà níbẹ̀, kí ẹ fi `python3 -m venv` ṣe tuntun, kí ẹ sì tún wọn gbé pẹ̀lú pip. Ẹni tí kò tíì gbé Ubuntu ga, kó ṣe `pip freeze > requirements.txt` nínú venv kọ̀ọ̀kan lónìí, iṣẹ́ náà á kúrú gan-an.

Lẹ́yìn ìgbéga, ẹ má dúró kí ètò kọ̀ọ̀kan fi ara rẹ̀ hàn ní ọjọ́ tí ẹ nílò rẹ̀. Àṣẹ yìí máa yẹ gbogbo ohun tó wà ní /opt àti /usr/local wò, á sì dárúkọ àwọn tí láíbìrì wọn dín:

```
find /opt /usr/local -type f -perm -u+x -exec sh -c 'ldd "$1" 2>/dev/null | grep -q "not found" && echo "$1"' _ {} \;
```

Ó lè dárúkọ àwọn kan tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, torí pé fáìlì àṣẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ wọn ló ń sọ fódà láíbìrì fún ld.so. Ẹ bẹ̀rẹ̀ àwọn tó bá dárúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́nà tí ẹ ń gbà bẹ̀rẹ̀ wọn tẹ́lẹ̀, kí ẹ tó tún ohunkóhun ṣe.

Ní ọjọ́ tí ẹ̀dà tuntun isiro bá dé, kí ẹ tó gbé e wọlé, ẹ yọ libssl.so.1.1 àti libcrypto.so.1.1 kúrò ní /opt/isiro/lib, kí ẹ pa /usr/local/bin/isiro rẹ́, kí ẹ sì fi `sudo systemctl revert isiro` dá systemd padà. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé tuntun wọlé, ẹ fi `ldd` wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i: libssl.so.3 ló yẹ kó wà níbẹ̀, láti inú /lib/x86_64-linux-gnu.